Tí Super Eagles bá kọ́kọ́ jẹ góòlù, ọkàn mi kì í balẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi lórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù yìí torí ó ti pẹ́ nínú mi. Tí Super Eagles bá kọ́kọ́ jẹ góòlù, ìgbà yẹn gan-an lẹ̀rù máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Àwọn tó jókòó tì mí á máa fò sókè, wọ́n á máa dì mọ́ra wọn, wọ́n á máa pariwo "ó ti tán, ó ti tán", èmi á kàn máa wo aago tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n pé ìṣẹ́jú mélòó ló kù. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ti mọ̀ mí sí i, wọ́n á ní "Màdáámù, ṣé inú yín ò dùn ni?" Inú mi dùn kẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tójú mi ti rí lórí góòlù kan ṣoṣo yẹn ò kéré.

Aránṣọ ni mí, ọ̀nà Fọlágbadé ní Ìjẹ̀bú-Òde ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n ti bí mi. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé tí Naijiria bá ń gbá bọ́ọ̀lù, bó jẹ́ aṣọ Ojúde Ọba ló wà lórí ẹ̀rọ, táwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ń fi fóònù dà mí láàmú, màá kọ́kọ́ wo bọ́ọ̀lù mi tán. Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ti kó o.

Ọdún 1994 ni mo kọ́kọ́ jẹ ìyà ẹ̀. Ọdún yẹn ni wọ́n wá mú Abíọ́lá lọ lẹ́yìn tó kéde ara ẹ̀ ní ààrẹ, inú oṣù kẹfà ni wọ́n mú un, nígbà tó di July 4 àwọn NUPENG, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ epo, daṣẹ́ sílẹ̀, July 5 ni Naijiria pàdé Ìtálì nínú Wọ́ọ̀dù Kọ́ọ̀pù ní Amẹ́ríkà. Ẹ fojú inú wo bí ìlú ṣe rí nígbà yẹn, pẹtiróòlù di ohun téèyàn ń gbé pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bàbá mi ní èyí tó kù díẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì, ó ní bọ́ọ̀lù yìí lòun tọ́jú ẹ̀ dè, ló bá tan jẹnẹrétọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, gbogbo àdúgbò wá kún pálọ̀ wa fọ́fọ́, àwọn tí ò ráyè wọlé ń wò ó láti ojú fèrèsé. Amuneke jẹ góòlù ní ìṣẹ́jú 25, ariwo tó sọ lọ́jọ́ yẹn, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n. Nígbà tó yá réfírì tún lé Zola jáde, Ìtálì ku èèyàn mẹ́wàá, a ní góòlù kan, a pọ̀ jù wọ́n lọ, ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí la tún ń wá? Àwọn kan ti jó bọ́ sí ìta. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nìkan ló ń sọ ọ́ pé "kí ló dé tí wọ́n ń sún sẹ́yìn, kí ló dé tí wọ́n ń sún sẹ́yìn", kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ìṣẹ́jú 88, Roberto Baggio rọra yí i gba ẹ̀gbẹ́ òpó wọlé. Ó di ẹ́sítírà táìmù, wọ́n fún wọn ní pẹnáritì, Baggio náà ló tún gbá a. Bó ṣe di 2-1 bàbá mi dìde láìsọ̀rọ̀, ó jáde lọ pa jẹnẹrétọ̀. Àwọn èèyàn ní "Bàbá, kò tíì parí o!" Ó ní pẹtiróòlù òun ò ní jó fún irú èyí mọ́.

Nígbà tí mo dàgbà ni mo wá rí i pé ìyẹn gan-an kọ́ làkọ́kọ́ nínú Wọ́ọ̀dù Kọ́ọ̀pù yẹn. Nígbà tí a bá Argentina gbá, Siasia ti jẹ góòlù tiwa ní ìṣẹ́jú kẹjọ, kí ìṣẹ́jú 30 tó pé Caniggia ti jẹ méjì, ibẹ̀ náà ló sì parí sí.

Ó wá di 2002, ti Kòríà àti Japan. Mo ti ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ nígbà yẹn. Ọ̀gá mi obìnrin fẹ́ràn Faransé ju ẹ̀mí lọ torí Zidane, àwọn ló sì gba ife 1998, àwọn ló tún gba ti Yúróòpù ní 2000, ẹni tó jẹ góòlù jù ní líìgì Ẹ̀ńgílándì lọ́dún yẹn tiwọn ni, Henry, Trezeguet wà lára àwọn tó jẹ góòlù jù ní Ìtálì, Cissé náà bẹ́ẹ̀ ní Faransé fúnra ẹ̀. Ta ni yóò mú wọn? Ọjọ́ Jímọ̀ ni, May 31, àwọn ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń múra mọ́ṣáláṣí ni Papa Bouba Diop ti Senegal ti gbá a wọlé, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àwọn ọmọ Senegal yẹn ló sì ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun ní Faransé, wọ́n mọ̀ wọ́n látòkè délẹ̀. Zidane ti fara pa kó tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bá Uruguay gbá ọ̀mì, Denmark nà wọ́n ní 2-0, wọ́n padà sílé láìjẹ góòlù ẹyọ kan. Ọ̀gá mi ò jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ó dùn mí fún wọn, ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé "Màdáámù, tiyín ṣì sàn o", torí ẹgbẹ́ tí kò rí góòlù kankan jẹ, èèyàn á tètè gba kádàrá. Tiwa ni wọ́n máa ń fi oyin sí wa lẹ́nu tán kí wọ́n tó ní ká tu ú jáde.

June 7 ti ọdún yẹn náà, aago méje ààbọ̀ àárọ̀, Naijiria àti Sweden. Àwọn ọmọ ilé ìwé dúró sójú ọ̀nà pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù lọ́rùn, ẹni tó bá ní tẹlifíṣọ̀n, ojú fèrèsé ẹ̀ kún. Yobo gbé e wá láti ẹ̀gbẹ́, Aghahowa kàn án wọlé, ó takìtì lọ takìtì bọ̀, àwọn ọmọ kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í takìtì nínú iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé wọn. Ìṣẹ́jú 27 nìyẹn. Ìṣẹ́jú 35 Larsson dá a padà, ìṣẹ́jú 63 ó gbá pẹnáritì. A ti fìdí rẹmi lọ́wọ́ Argentina tẹ́lẹ̀, ó tán. Argentina yẹn náà, tí ẹnu gbogbo ayé ń pè pé àwọn ni yóò gbà á, inú gúrúùpù kan náà ni àwọn náà kú sí, ṣùgbọ́n ìyẹn ò tù mí nínú.

Ti 2010 ni mi ò fẹ́ sọ púpọ̀. Greece, tí wọn ò tíì jẹ góòlù kankan rí nínú Wọ́ọ̀dù Kọ́ọ̀pù láti ìgbà tí wọ́n ti dé ayé. Kalu Uche gbá fúríkíìkì wọlé ní ìṣẹ́jú 16. Ìṣẹ́jú 33 Sani Kaita gbé ẹsẹ̀ sí Torosidis níta láìnídìí, réédì káàdì. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n lọ háàfù táìmù ni Greece rí góòlù wọn àkọ́kọ́ láyé, góòlù kejì wá, ta ló jẹ ẹ́? Torosidis yẹn náà ni. Mo ní aṣọ ìyàwó kan lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, mo pa ẹ̀rọ, mi ò lè fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n ran léèsì àwọn ẹlòmíràn.

Ẹ wá wo òdìkejì ẹ̀, ohun tó jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí inú wa dùn jù lórí bọ́ọ̀lù, àwọn tí a ń bá gbá ló máa ń kọ́kọ́ jẹ wá! Tunis 1994, Zambia ló kọ́kọ́ jẹ góòlù nínú fáínà AFCON, ife ilẹ̀ Áfíríkà, Amuneke dá méjì padà. Òlíḿpíìkì Atlanta 1996, Brazil ti jẹ wá ní 3-1, a nà wọ́n ní 4-3, Kanu. Fáínà ẹ̀, Argentina ṣíwájú wa lẹ́ẹ̀mejì, a nà wọ́n ní 3-2. Wọ́ọ̀dù Kọ́ọ̀pù 1998, Spain ṣíwájú lẹ́ẹ̀mejì, Oliseh fi ìbọn yẹn parí ẹ̀ ní 3-2. Kódà fáínà AFCON 2000 ní Sùúrùlérè tí Cameroon fi pẹnáritì gbà lọ́wọ́ wa, 2-0 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń jẹ wá kí Chukwu àti Okocha tó dá a padà. Àwọn ọmọ kan náà ni o, ẹsẹ̀ kan náà. Tí wọ́n bá ti jẹ wá, ojú wa á là. Tí àwa bá jẹ, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ilé. (Denmark 1998 tí wọ́n nà wá ní 4-1, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn, ẹnu gbogbo wa ti wà lọ́dọ̀ Brazil tí a máa bá pàdé lẹ́yìn ẹ̀.)

Fáínà AFCON February 11, 2024, àwa àti Ivory Coast ní Abidjan, ló wá bọ́ aṣọ lára gbogbo ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù nítòsí ṣọ́ọ̀bù mi la ti wò ó, aago mẹ́sàn-án alẹ́. Alhaji kan wà tó ń ta táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà, ìyàwó ẹ̀ pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn pé "Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi jókòó ti bàbá yìí, mo bẹ̀ ẹ́ kó má lọ, kò gbọ́." Kò sì jẹ̀bi, torí nígbà tí a bá South Africa gbá ní February 7, ìròyìn gbé e pé àwọn kan kú níbi tí wọ́n ti ń wò ó, ní onírúurú ìlú. Ẹ rántí ìyẹn, 1-0 náà ni a fi ń ṣíwájú, Osimhen gbá ìkejì wọlé, VAR, àwọn réfírì tó ń wo fídíò, ní rárá, ẹ̀yìn lọ́hùn-ún South Africa ló ni pẹnáritì, wọ́n fi dá a padà, ọpẹ́lọpẹ́ Nwabali gólì wa nígbà tó di pé pẹnáritì la máa fi parí ẹ̀.

Mo jókòó ti Alhaji. Troost-Ekong kàn án wọlé ní ìṣẹ́jú 38. Háàfù táìmù, ilé ń mì, ẹni tó ń ta mínírà ti ń tà á ní ìlọ́po owó, àwọn kan ti ń sọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n máa gbé máṣíìnì gbà yíká ìlú. Mo ní kò tíì tán, ọ̀dọ́mọkùnrin kan yíjú sí mi pé "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bà wá nínú jẹ́." Mi ò bínú sí i. Ó ní ẹ̀rí tiẹ̀, 1-0 la fi na Ivory Coast yìí kan náà nínú gúrúùpù, 1-0 la fi na Guinea-Bissau, 1-0 la fi na Angola, ìlànà tí kóòṣì fi gbé wa dé fáínà nìyẹn, èèyàn márùn-ún lẹ́yìn, ẹ dí gbogbo ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ilé wọn la ti ń gbá a lálẹ́ yẹn, Adingra tí kò gbá bọ́ọ̀lù nínú gúrúùpù torí ìfarapa ti padà dé, gbogbo ìgbà tí àwọn ọmọ wa bá gba bọ́ọ̀lù, wọ́n á gbá a jìnnà réré, kí n tó ṣẹ́jú ó ti tún padà wá. Ìṣẹ́jú 62 Kessié kàn án láti kọ́nà. Mo ní "Alhaji, ẹ jẹ́ ká jáde gba atẹ́gùn." Ó ní "Ìyá Ìbejì, mo wo ti '94, kò pa mí." Mo fà á lápá, ó tẹ̀lé mi pẹ̀lú ìbínú, a wà níta níbi tí wọ́n pa máṣíìnì sí nígbà tí Haller fẹsẹ̀ kàn án díẹ̀ báyìí tó wọlé ní ìṣẹ́jú 81. A ò rí i, a gbọ́ tẹ́nìkan nínú ilé ní "Yéè!" Alhaji ní "wọ́n ti ṣe é". Mo bá a rìn délé, ìyàwó ẹ̀ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú omi àti oògùn lọ́wọ́.

Èmi àti ọmọ mi ọkùnrin ló wá fa ọ̀rọ̀ náà síwájú, torí ó ní àlàyé mi ò pé. Ó ní "Mọ́mì, ẹ wo Brazil ní 2022, Neymar gbá góòlù aláràbarà yẹn wọlé ní ẹ́sítírà táìmù, wọn ò sá sẹ́yìn o, iwájú ni wọ́n ń lọ, ìyẹn gan-an ni Croatia fi rí àyè sáré lọ jẹ ẹ́ ní ìṣẹ́jú 117, wọ́n sì fi pẹnáritì lé wọn sílé." Òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dá mi dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Mo wá rántí Spain 2010. Portugal 1-0, Paraguay 1-0, Jámánì 1-0, Holland nínú fáínà 1-0. Góòlù kan, góòlù kan, wọ́n gbé ife àgbáyé lọ sílé! Kò sẹ́ni tó bẹ̀rù fún wọn bí mo ṣe ń bẹ̀rù fún tiwa, kí nìdí? Torí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ẹni tí kò rí bọ́ọ̀lù gbà, kí ló fẹ́ gbá wọlé? Spain di bọ́ọ̀lù mú, àwa góòlù la máa ń fẹ́ dì mú, góòlù tí a ti jẹ kò sì ṣeé dì mú, ó ti wọlé, ó ti tán. Ọjọ́ tí a ṣe bí i tiwọn náà rèé, fáínà AFCON 2013, àwa àti Burkina Faso, Sunday Mba ní ìṣẹ́jú 40, 1-0 ló sì parí sí, Mikel wà láàárín nígbà yẹn, tí bọ́ọ̀lù bá ti dé ẹsẹ̀ ẹ̀ ara á tù mí nínú ilé mi níhìn-ín. Láti ìgbà tó ti lọ, mi ò tíì rí ẹni tó ń mú un sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún wa nígbà tí nǹkan bá le.

Ohun tó là mí lójú sí i ni Ìkẹnnẹ́. Ọmọ mi ló kọ́kọ́ mú mi lọ wo Remo Stars, àwọn tó wá gba líìgì Naijiria ní 2025, ìgbà àkọ́kọ́ wọn láyé, gbogbo Rẹ́mọ jó, àwa ará Ìjẹ̀bú náà bá wọn jó. Ẹ lọ wo bọ́ọ̀lù lójúkojú tí ẹ bá láǹfààní ẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n, ibi tí bọ́ọ̀lù wà nìkan ló ń tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n téèyàn bá jókòó sórí sítéèpù, gbogbo pápá ló máa rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìṣẹ́jú márùn-ún tó bá tẹ̀ lé góòlù, pé àwọn ti àárín, ibo ni wọ́n dúró sí? Tí wọ́n bá ti wá dúró mọ́ àwọn ẹ̀yìn, tí ti iwájú dá nìkan wà lọ́hùn-ún bí ẹni tí wọ́n gbàgbé sí gáréèjì, mo mọ̀ pé wàhálà ń bọ̀. Lọ́jọ́ kan ọ̀kan nínú àwọn ti àárín yẹn, wọ́n ń ṣíwájú pẹ̀lú góòlù kan, bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ dìfẹ́ńdà kan tó fẹ́ gbá a sókè lọ́run, ló bá pariwo mọ́ ọn tí gbogbo wa gbọ́ ọ látorí ìjókòó, "Gbé e sílẹ̀! Fún mi!" Ó gbà á, ó fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n ta á síra wọn lọ́wọ́ títí àwọn tí wọ́n ń bá gbá fi bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Mo dìde pàtẹ́wọ́, àwọn èèyàn ń wò mí torí kò tíì sí góòlù tuntun.

Kí ló wá fà á tí tiwa fi ń rí bẹ́ẹ̀? Èmi ní èrò kan, ẹ lè má gbà á. Pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà lẹ́yìn ilé wa, àwọn ọmọ máa ń gbá mọ́ńkì póòsìtì níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, sẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń ṣe é. Ẹni tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò mọ sẹ́ẹ̀tì, góòlù kan tàbí méjì, sẹ́ẹ̀tì tó bá jẹ ẹ́ á dúró, èyí tí wọ́n jẹ á jáde, àwọn míì á wọlé. Ó dáa torí àwọn tó ń dúró pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí i, láti kékeré, góòlù ni òpin bọ́ọ̀lù lọ́kàn ọmọ náà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn góòlù. Tó bá sì jẹ́ pé sẹ́ẹ̀tì méjì ló kù tí ilẹ̀ ń ṣú, tí àwọn kan ń ṣíwájú, mo ti rí wọn tí wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ gbá bọ́ọ̀lù sínú igbó kí àsìkò lè lọ, tí àwọn tó dúró á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọgbọ́n ni. Ọmọ tó ń gbá a sínú igbó ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, ṣé kò ní gbá a lọ sórí ìjókòó tó bá di ẹni ogún ọdún ní Abidjan?

Mo bá àwọn tó ń darí bọ́ọ̀lù náà sọ̀rọ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká fi ìṣẹ́jú gbá a dípò góòlù, kí sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan gbá ìṣẹ́jú ogún pé, kí èyí tó bá ń ṣíwájú kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ títí àsìkò fi máa pé, ẹni tó bá sì gbá a sínú igbó, kí àsìkò dúró títí wọ́n á fi rí bọ́ọ̀lù. Wọ́n ní "Ìyá Ìbejì, àwọn tó ń dúró á pẹ́ jù o, wọ́n á jà." Mo ní èmi á rán jẹ́sì fún sẹ́ẹ̀tì tó bá gbà, pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́yìn. Sẹ́ẹ̀tì méjì ti gbà, mo ti wọn àwọn ọmọ náà. Sẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ ìsàlẹ̀ àdúgbò ní àwọn ò ṣe, ogún ìṣẹ́jú ti pọ̀ jù, wọ́n fẹ́ mẹ́wàá. Mo ti sọ pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n ní àwọn á lọ rò ó.